Yorùbá Lẹ́nu Ẹ̀rọ: Àgbéyẹ̀wò Ìlò Èdè Nínú Ẹ̀rọ Adánilóhùn Àwọn Iléeṣẹ́

Ìfáàrà

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni tẹlifóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ṣáájú àkókò yìí, ìlà tẹlifóònù tí ó wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà lábẹ́ NITEL kò tó mílíọ̀nù kan, àwọn ọ́fíìsì àti àwọn ìdílé tí ó rí já jẹ ni ó sì ń lò ó jù. Láàárín ọdún díẹ̀, fóònù dé ọwọ́ alágbàfọ̀, ìyá aláta àti àgbẹ̀ inú abà. Bí oníbàárà ti ń pọ̀ sí i ni àwọn iléeṣẹ́ rí i pé ènìyàn ẹlẹ́ran-ara kò lè dá gbogbo ẹni tí ó bá pè lóhùn. Wọ́n gbé ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí ó bá pe ẹ̀ka ìtọ́jú oníbàárà yóò gbọ́ ohùn kan tí yóò ní kí ó yan èdè tí ó fẹ́: Gẹ̀ẹ́sì, Pijin, Yorùbá, Haúsá tàbí Ígbò. Báyìí ni Yorùbá ṣe di èdè ẹnu ẹ̀rọ.

Iṣẹ́ lámèyítọ́ pọ̀ jaburata lórí ewì, ìtàn àròsọ, eré onítàn àti ìpolówó ọjà lórí rédíò. Kò wọ́pọ̀ kí àwọn onímọ̀ fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wo ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ adánilóhùn ń sọ, bí ẹni pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn jókòó kọ. Bẹ́ẹ̀, ènìyàn ni ó kọ ọ́, ènìyàn ni ó túmọ̀ rẹ̀, ènìyàn ni ó sì kà á sínú ẹ̀rọ. Ohun tí ó so mọ́ ọn kò sì kéré. Ẹni tí káàdì ATM rẹ̀ sọnù ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí kò sì gbọ́ èdè mìíràn ju Yorùbá lọ, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀rọ yìí nìkan ni afárá tí ó wà láàárín òun àti owó rẹ̀. Bí afárá náà bá yẹ̀, yóò gbé fóònù fún ọmọ àdúgbò, yóò sì sọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ sí i létí.

Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé àléébù Yorùbá inú ẹ̀rọ kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀rọ. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ro ọ̀rọ̀ náà kí wọ́n tó fi Yorùbá bò ó lára. Èyí tí ó tún burú jù ni pé wọ́n gbé e kalẹ̀ bí ìtàkùrọ̀sọ, nígbà tí ó jẹ́ pé ìkéde ni.

Ìtàn ẹ̀rọ náà ní ṣókí

Ọmọ ilẹ̀ Denmark kan, Valdemar Poulsen, ni ó gba ìwé àṣẹ ní ọdún 1898 fún ẹ̀rọ tí ó ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì gba ohùn sórí wáyà. Ní ọdún 1963, àwọn iléeṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà gbé tẹlifóònù onítẹ̀ jáde dípò èyí tí wọ́n ń fi ìka yí. Nígbà tí Gordon Matthews sì gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1983, iléeṣẹ́ lè ní àpótí kan tí yóò máa tọ́jú ohùn fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àpótí ohùn yìí ni àwọn ènìyàn ń pè ní fọ́ísìméèlì.

Ohun kan wà nínú tẹlifóònù onítẹ̀ tí ó yẹ kí ó dùn mọ́ ẹni tí ó ń kọ́ nípa èdè olóhùn. Bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan kì í sọ nọ́ńbà. Ìró méjì ni ó ń ké pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan nílẹ̀, ọ̀kan lókè. Bí ènìyàn bá tẹ 1, ìró tí ó ń gbọ̀n ní ìgbà 697 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan àti èyí tí ó ń gbọ̀n ní ìgbà 1,209 ni yóò jọ dún. Ìyàtọ̀ ìró nìkan ni ẹ̀rọ fi ń mọ ohun tí oníbàárà ń wí. Ìlù dùndún náà ń fi ìró lásán sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ń tẹ̀lé ara wọn ni, wọn kì í ké pọ̀. Ẹ̀rọ tí ó mọ ìyàtọ̀ ìró tó báyìí ni wọ́n wá ń fi Yorùbá tí ohùn rẹ̀ ti dàrú sí lẹ́nu.

Ìkíni tí kò dúró gbọ́ èsì

Ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ tí àwọn iléeṣẹ́ elédè Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi sẹ́nu ẹ̀rọ wọn ni ọpẹ́: wọn a dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó pè nítorí pé ó pè. Bí wọ́n bá tú èyí ní olówuuru, yóò di “Ẹ ṣeun tí ẹ pè wá.” Kò sí àṣìṣe gírámà nínú gbólóhùn yìí, ṣùgbọ́n ó ṣàjèjì létí. Lọ́dọ̀ Yorùbá, ẹ̀yìn oore ni ọpẹ́ ń wá. Ẹni tí ó wá fi ẹjọ́ sùn pé wọ́n yọ owó òun kò tíì ṣe oore kankan fún ẹnikẹ́ni. Kíkí ni wọ́n ń kí i, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń bi í ní ohun tí ó bá wá.

Àwọn mìíràn a kí i lóòótọ́. Wọn a ní “Ẹ káàárọ̀” tàbí “Ẹ káàsán,” nítorí ẹ̀rọ mọ aago. Níbí gan-an ni ìṣòro ti jinlẹ̀. Ìkíni Yorùbá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnìkan. Ó ń béèrè èsì, èsì náà sì lè béèrè èsì mìíràn. Àgbàlagbà tí wọ́n bá kí yóò dáhùn, yóò béèrè ilé, ó sì lè ṣàdúrà. Ní gbogbo àkókò tí ó ń dáhùn yìí, ẹ̀rọ kò dúró. Ó ti ka ohun àkọ́kọ́ àti ìkejì tí ó yẹ kí oníbàárà yàn, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́ wọn. Ìwà ọmọlúàbí àgbàlagbà náà ni ó wá di ohun tí ó ṣì í lọ́nà. Ẹni tí kò bá kí ènìyàn padà ni ẹ̀rọ yìí ń bá lò dáadáa.

Ìdúró lórí ìlà náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì a máa sọ fún ẹni tí ó ń dúró pé ìpè rẹ̀ ṣe pàtàkì. “Ìpè yín ṣe pàtàkì sí wa” kò ní ìtumọ̀ kan gbòógì lẹ́nu Yorùbá. Bí ó bá ṣe pàtàkì, kí ló dé tí ẹ kò gbé e? Ó sì yani lẹ́nu pé èdè tí ó ní “ẹ kú” fún gbogbo ipò tí ọmọ ènìyàn lè bá ara rẹ̀ ni wọ́n ń wá irú gbólóhùn yìí fún. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu, ẹ kú àtijọ́. “Ẹ kú ìdúró o” ti tó. Bí ẹ̀rọ bá sì lè fi kún un pé “Ẹni mẹ́ta ni ó wà níwájú yín,” ẹni tí ó ń dúró yóò mọ ibi tí òun wà lórí ìlà.

Fún, tẹ̀ àti àṣẹ

Gẹ̀ẹ́sì a máa fi ọ̀rọ̀ atọ́kùn bẹ̀rẹ̀ ìlànà rẹ̀. Bí ògbufọ̀ bá tẹ̀lé e gẹ́ẹ́, ohun tí yóò jáde ni “Fún Yorùbá, tẹ ẹ̀rin.” Etí tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rí yóò gbọ́ “fún” yìí bí ọ̀rọ̀-ìṣe: ta ni kí n fún, kí sì ni kí n fún un? Awẹ́ gbólóhùn afarahẹ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “bí” wà nílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí: “Bí ó bá jẹ́ Yorùbá ni ẹ fẹ́, ẹ tẹ ẹẹ́rin.” Gbólóhùn náà gùn díẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀rọ̀ ṣáájú, ó fi nọ́ńbà kẹ́yìn. Ohun tí etí gbọ́ kẹ́yìn ni ìka yóò rántí. Àwọn tí ó ń sọ pé “Ẹ tẹ ẹẹ́rin bí ẹ bá fẹ́ Yorùbá” ti mú kí nọ́ńbà kọjá kí ẹni tí ó ń gbọ́ tó mọ̀ pé òun nílò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ kò nílò àlàyé púpọ̀. Ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún ọmọdé àti àgbà, nítorí náà gbólóhùn àṣẹ rẹ̀ kò mọ ta ni ó ń pàṣẹ fún. “Tẹ ẹẹ́ta” láti ẹnu ohùn ọ̀dọ́mọbìnrin sí etí ẹni ọgọ́rin ọdún, ìwọ̀sí ni, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tí ó gbèrò rẹ̀. “Ẹ tẹ ẹẹ́ta” sàn jù, “Ẹ bá wa tẹ ẹẹ́ta” sì ni èyí tí ó bá ipò mu jù lọ, nítorí “bá wa” sọ àṣẹ di ẹ̀bẹ̀. Èyí tí kò ṣe é fara mọ́ rárá ni kí “ẹ” àti “o” máa pààrọ̀ ara wọn nínú ọ̀rọ̀ kan náà, tí ó fi hàn pé ògbufọ̀ méjì ni ó ṣe iṣẹ́ náà, tí ẹnikẹ́ni kò sì tún un kà.

Orúkọ nọ́ńbà náà tún ń fa àríyànjiyàn. Yorùbá ní ju ọ̀wọ́ kan lọ. “Méjì,” “mẹ́ta” jẹ́ ẹyán. Wọ́n ń sọ iye nǹkan. “Ẹ tẹ méjì” lè mú kí ẹlòmíràn tẹ bọ́tìnì méjì. “Kejì” ń sọ ipò, ó sì bọ́ sí i títí tí ó fi kan òdo, nítorí òdo kò ní ipò nínú òǹkà. Ọ̀wọ́ tí ó yẹ ni “oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ẹẹ́rin,” àwọn tí ó jẹ́ orúkọ fúnra wọn. Àwọn onímọ̀ gbà pé láti ara “owó” ni ọ̀wọ́ yìí ti wá, láti ìgbà tí a ń ka owó ẹyọ. Kò sí ibi tí ó tún lè bá mu ju ẹnu ẹ̀rọ ilé ìfowópamọ́ lọ.

Ohùn tí wọ́n gé lé ara wọn

Láti dín ìnáwó kù, iléeṣẹ́ kì í gba gbogbo gbólóhùn sílẹ̀ lódindi. Wọ́n a gba àwọn ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ a sì máa tò wọ́n pọ̀ bí ẹni ń to bíríkì. Gẹ̀ẹ́sì lè fara da irú ìtòpọ̀ yìí dé ìwọ̀n kan. Yorùbá kò lè fara dà á, nítorí pé ọ̀rọ̀ Yorùbá ń yí ara padà nígbà tí ó bá pàdé ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tí ó ní ohùn ìsàlẹ̀ a máa di ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀. “Pè” di “pe” nínú “pe dókítà”, “kà” di “ka” nínú “ka ìwé.” Bẹ́ẹ̀ náà ni “tẹ̀” di “tẹ” nínú “tẹ agogo.” Ẹni tí wọ́n bá fún ní ọ̀rọ̀ “tẹ̀” nìkan lórí ìwé pé kí ó kà á sínú ẹ̀rọ yóò kà á pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀, ó sì tọ̀nà. Nígbà tí ẹ̀rọ bá wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ “ẹẹ́ta,” ohun tí yóò jáde ni ọ̀rọ̀ tí ọmọ Yorùbá kan kì í sọ. Ẹni tí ó kà á kò jẹ̀bi, ẹ̀rọ kò sì jẹ̀bi. Ẹni tí ó gé gbólóhùn náà sí wẹ́wẹ́ láìbéèrè ni ó jẹ̀bi.

Ìbátan oní-ǹkan náà wà níbẹ̀. Bí orúkọ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kọ́ńsónáǹtì bá yán ọ̀rọ̀-orúkọ, fáwẹ́lì tí ó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ a máa fà sí i pẹ̀lú ohùn àárín: “ilé Túndé” ni a kọ, “ilé e Túndé” ni a ń pè. Nígbà tí ẹ̀rọ bá lẹ orúkọ oníbàárà mọ́ “owó,” ìfàsí-i yìí kì í sí níbẹ̀, orúkọ náà a sì jábọ́ sílẹ̀ bí òkúta. Ìpàrójẹ pẹ̀lú a sọnù, “ṣiṣẹ́” a di “ṣe… iṣẹ́.” Oníbàárà kò ní lè sọ òfin tí wọ́n rú, àmọ́ yóò mọ̀ pé àjèjì ni ó ń bá òun sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rọ tuntun tí ó ń ka ọ̀rọ̀ kíkọ sókè fúnra rẹ̀ kò yanjú ọ̀ràn yìí bí àkọtọ́ kò bá dára. Bí iléeṣẹ́ bá kọ “owo” lásán láìsí àmì, kí ni ẹ̀rọ yóò kà? Owó ni, òwò ni, ọwọ́ ni, àbí ọ̀wọ̀? Láti ọdún 1974 ni àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ti wà. Àwọn tí ó ń wo àmì ohùn bí ọ̀ṣọ́ tí olùkọ́ fi ń dààmú akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí i níbí pé òun gan-an ni ìtumọ̀.

Òǹkà owó

Bí ó bá ku ₦1,745 nínú àkáǹtì ẹnìkan, ẹ̀rọ elédè Gẹ̀ẹ́sì yóò to ẹgbẹ̀rún kan, ọgọ́rùn-ún méje, ogójì àti márùn-ún tẹ̀lé ara wọn, yóò sì tọ̀nà. Bí ẹ̀rọ Yorùbá bá tẹ̀lé ètò yìí, yóò sọ “ogójì àti márùn-ún,” ohun tí ọmọ Yorùbá kì í wí. Márùndínláàádọ́ta ni. Àádọ́ta tí a ti yọ márùn-ún ni òǹkà Yorùbá rí, ẹ̀rọ sì gbọ́dọ̀ wo iwájú kí ó tó sọ ẹ̀yìn. Ọgọ́rùn-ún méje náà kì í jẹ́ ọgọ́rùn-ún méje lẹ́nu àgbà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ni. Àgbà tí ó mọ òǹkà dáadáa tilẹ̀ lè gbé gbogbo rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn pé ẹgbẹ̀sán dín márùndínlọ́gọ́ta náírà, ìyẹn 1,800 tí a yọ 55 nínú rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì ka owó, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń kà á lọ́jà. Àbá náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ìyá tí ó ń ta ata lè ka náírà ní Gẹ̀ẹ́sì láìgbọ́ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó pé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìyá, ẹni tí kò sì lè ka owó rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì gan-an ni wọ́n tìtorí rẹ̀ fi Yorùbá sínú ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá gba 1 títí dé 199 sílẹ̀ lódindi, láìgé wọn, tí wọ́n sì fi igba, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ẹgbẹ̀rún àti àwọn ẹgbẹ́ wọn kún un, ìṣòro náà tán. Kò ju iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ lọ fún ẹni tí ó mọ òǹkà. Wíwá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni ó lè gba àkókò, nítorí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í kọjá ogún kí wọ́n tó yà sí Gẹ̀ẹ́sì.

Àpótí ohùn

Àpótí ohùn kò rí àyè dáadáa láàárín wa. Ohun tí àwọn kan máa ń sọ ni pé Yorùbá kì í bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Owó ni ìdí àkọ́kọ́. Ní kété tí àpótí bá gbé ìpè, owó ẹni tí ó pè ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, kò sì tíì bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Nítorí náà, àwọn ènìyàn kọ́ láti já ìpè kí àpótí tó gbé e, wọ́n sì ń fi fíláṣì ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún 2023, NCC, àjọ tí ń ṣàmójútó ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ní kí gbogbo iléeṣẹ́ alágbèéká máa lo nọ́ńbà kan náà: 300 fún ìtọ́jú oníbàárà, 301 láti fi ohùn sílẹ̀, 302 láti gbọ́ ohùn tí wọ́n fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni ó mọ 300. Ẹni mélòó ni ó lè sọ iṣẹ́ tí 301 ń ṣe?

Pé kì í ṣe ohùn tí a gbà sílẹ̀ ni Yorùbá kórìíra hàn gbangba láti ọdún 2013 tí WhatsApp ti mú kí ènìyàn lè fi ohùn ránṣẹ́. Àwọn ìyá tí kò lè kọ lẹ́tà ń fi ohùn ránṣẹ́ lójoojúmọ́, pẹ̀lú oríkì, ìkíni ilé àti àdúrà. Níbẹ̀, ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀, ó sì mọ̀ pé èsì ń bọ̀. Àpótí iléeṣẹ́ kò sọ ẹni tí yóò gbọ́ ọ, kò sì sọ ìgbà tí yóò gbọ́.

Ẹ̀rọ bí akéde

Bí ẹ̀rọ kò bá lè ṣe ìtàkùrọ̀sọ, irú ọ̀rọ̀ wo ni ó yẹ kí ó fi ṣe àwòṣe? Yorùbá ní ọ̀rọ̀ ẹnìkan sí ogunlọ́gọ̀ tí kò rí. Akéde a lu agogo, a sọ ẹni tí ó rán òun, a sọ ọ̀rọ̀ náà, a sọ ohun tí kí olúkúlùkù ṣe, a sì kọjá sí àdúgbò kejì láti tún un sọ. Kì í béèrè bí ẹnikẹ́ni ṣe sùn, kò sì sí ẹni tí ó ń pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ìpè rẹ̀ ń sọ fún ará ìlú pé ọ̀rọ̀ tí a ń gbọ́ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń fèsì sí. Ẹ̀rọ iléeṣẹ́ kò nílò agogo, ṣùgbọ́n ó nílò irú òtítọ́ bẹ́ẹ̀ nípa ara rẹ̀. Fún àpẹẹrẹ:

“Ẹ ǹlẹ́ o. Ilé ìfowópamọ́ yín ni ó ní kí a jíṣẹ́ yìí. Ohùn tí a ti gbà sílẹ̀ ni, kò lè gbọ́ ohun tí ẹ bá sọ. Bí ẹ bá fẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ẹ bá wa tẹ òdo. Bí káàdì yín bá sọnù, ẹ bá wa tẹ oókan. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye tí ó kù nínú owó yín, ẹ bá wa tẹ eéjì.”

Ògbufọ̀ tí ó kọ irú èyí kò tú Gẹ̀ẹ́sì kan. Iṣẹ́ ẹrú ni wọ́n rán an, ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Aáyan ògbufọ̀ wà nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, àyọkà ìwé ìròyìn àti ti ìwé ìtàn ni ó sì sábà ń jẹ́ ìdánrawò. Kò sí ohun tí ó ní kí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ má wà lára wọn, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́, kí ó kà á fún ìyá àgbà kan láìfi ìwé hàn án, kí ó sì wo ibi tí ìka ìyá náà yóò lọ.

Ó ku ipò òdo nínú àpẹẹrẹ òkè yìí. Àwọn iléeṣẹ́ a máa fi bíbá ènìyàn sọ̀rọ̀ ṣe ohun tí wọ́n ń kà kẹ́yìn, lẹ́yìn gbogbo yòókù. Nígbà mìíràn wọn kì í kà á rárá. Ìdí rẹ̀ yé ni: owó oṣù ni ènìyàn ń gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yan Yorùbá ni ó ṣeé ṣe jù kí ó ti dáhùn ìkíni, kí ó ti pàdánù oókan àti eéjì, kí àkókò sì ti tán kí ó tó rí bọ́tìnì. Lójú ti ẹni yìí, òdo tí ó bá gbẹ̀yìn kò yàtọ̀ sí òdo tí kò sí.